Ojo Ni Wọ́n, Wọn Kì í Ṣe Wèrè

Ẹ̀sùn wèrè kì í ṣe ẹ̀sùn tí à ń fi kan ọmọ ọlọ́mọ láìwá ẹ̀rí. Ẹni tí a pè ní olè lè bẹ àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n wá jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Ẹni tí a pè ní wèrè kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí pé bó bá ti lanu báyìí láti gbèjà ara rẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò sọ pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni mo yọ̀ǹda ara mi. N kò wọ síkì rí, n kò gbèrò àtiwọ̀ ọ́, omi inú fíríìjì sì ti tutù tó fún mi.

Àwọn tí mo fẹ́ gbẹnu sọ fún ni àwọn tó máa ń gun òkè tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ ní ìhà àríwá ayé, níbi tí kò sí ọ̀nà, tí kò sí ilé, tí kò sì sí ẹ̀rọ tí ń gbé ni gòkè, kí wọ́n lè ti orí rẹ̀ yọ̀ wálẹ̀ lórí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀. Pátákó náà ni síkì. Fídíò wọn ti dé orí fóònù gbogbo wa. Ẹni tó bá ń wò ó ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ máa ń ṣe nǹkan mẹ́ta tẹ̀léra: yóò pariwo, yóò pe ẹlòmíràn wá wò ó, yóò sì dájọ́. Ìdájọ́ náà kì í yàtọ̀: orí àwọn wọ̀nyí ti dàrú. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò níwájú ẹ̀yin onílàákàyè kò tóbi. Mo fẹ́ fi hàn pé ìdájọ́ yẹn kò tọ́, àti pé ojo gan-an ni orúkọ tó yẹ wọ́n. Mo fi ń yìn wọ́n ni.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan. Nǹkan yìí kì í bọ́ sí ilẹ̀ wa, síbẹ̀ orúkọ tí a sọ ọ́ pọ̀ ju iye ìgbà tí a rí i lọ. Àwọn kan ń pè é ní yìnyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ni ti òkúta omi tó máa ń bá òjò wá lù wá ní páànù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì pè é ní òjò dídì níbì kan, wọ́n tún pè é ní ẹ̀gbọ̀n òwú níbòmíràn. Òjò dídì ni èmi yóò máa lò. Mo bẹ òǹkàwé kó kíyè sí àmì ohùn, nítorí pé kò sí ohun mìíràn láàárín òjò àti ojo, orí méjèèjì sì ni ẹjọ́ mi dúró lé.

Ẹjọ́ tí kò ní àdúgbò kì í yé ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a lọ sí Lyngen. Àwọn òkè Lyngen wà ní àríwá orílẹ̀-èdè Norway, ní ìlà-oòrùn ìlú Tromsø, ó sì ju 300 kìlómítà lọ sí òkè ìlà Arctic. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di àárín oṣù kìíní, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ rárá. Etí òkun ni àwọn òkè náà ti gbéra sókè. Èyí tó ga jù nínú wọn, Jiehkkevárri, ga ní mítà 1,834. Atẹ́gùn tó ti gbé omi láti ojú òkun ń kọlu àwọn òkè wọ̀nyí, ó sì ń da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ ní òjò dídì. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1997, wọ́n wọn èyí tó wà nílẹ̀ ní Tromsø fúnra rẹ̀, ìyẹn ní ìlú tí ènìyàn ń gbé, ó sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 240. Bí ọkùnrin tó ga jù ní àdúgbò yín bá dúró sínú rẹ̀, fìlà rẹ̀ kò ní hàn. Èyí sì jẹ́ ìparí oṣù kẹrin, nígbà tí àwa níhìn-ín ti ń gbin àgbàdo.

Ẹni tó fẹ́ gun òkè níbẹ̀ yóò kọ́kọ́ lẹ awọ sí abẹ́ síkì rẹ̀. Láyé àtijọ́, awọ ẹran omi kan tí wọ́n ń pè ní seal ni wọ́n ń lò. Lónìí, irun ewúrẹ́ tàbí náílọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń hun ún. Irun náà kọjú sí ẹ̀yìn. Bí síkì bá ń lọ síwájú, irun yóò sùn. Bó bá fẹ́ yọ̀ padà sẹ́yìn, irun yóò dìde, yóò sì di òjò dídì mú. Ẹni tó ti fọwọ́ pa ológbò lára láti ìrù lọ sí orí rí ti mọ gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀. Gìgísẹ̀ bàtà kò ní dè mọ́ síkì, kí olúwarẹ̀ lè máa gbẹ́sẹ̀. Báyìí ni yóò máa rìn fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, títí yóò fi gòkè tó nǹkan bíi mítà 1,000 láti etí òkun. Lókè, yóò bọ́ awọ kúrò, yóò ti gìgísẹ̀ pa, yóò sì yọ̀ wálẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò lọ jẹun.

Àwọn kan yóò bèèrè pé kí ló dé tí ènìyàn yóò fi wákàtí mẹ́rin gun ibi tí kò ti ní nǹkan kan í mú bọ̀. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, a kò sì torí bẹ́ẹ̀ sọ pé kí ọba máa fẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọkùnrin méjìlélógún ń lé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, wọn kì í sì í gbé bọ́ọ̀lù náà lọ sílé. Ẹni tó ti sanwó láti wo ìyẹn kò lẹ́nu láti bi ẹlòmíràn léèrè èrè. Ẹ jẹ́ kí a kọjá.

Ìbéèrè àwọn tó mọ̀ pé ẹ̀rọ wà ló le díẹ̀. Wọ́n á ní: ní àwọn òkè mìíràn, wáyà irin wà tó ń gbé ènìyàn gòkè nínú àga, ta ni yóò wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bí kò ṣe ẹni tí nǹkan ń ṣe? Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí ẹ̀rọ náà ń tà. Ní ibi tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń jí ní kùtùkùtù lọ ju ohun abúgbàù sí ara òkè, kí èyí tó bá fẹ́ ya lulẹ̀ nínú òjò dídì lè ya kí oníbàárà tó jí. Wọ́n ń ta okùn sí ibi tó léwu. Ẹni tó gba ẹ̀rọ gòkè ti háyà ẹni tí yóò bá a bẹ̀rù, ó sì lè máa ṣe fàájì rẹ̀ lọ. Lórí àwọn òkè Lyngen, kò sí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Olúkúlùkù ló ń gbé ẹ̀rù ara rẹ̀ gòkè, ẹsẹ̀ tó sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin ní wákàtí mẹ́rin láti fi wádìí ohun tó ń tẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wádìí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀, òun sì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú ẹjọ́ yìí. Òjò dídì tó wà lára òkè kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ó ń tò léra bí aṣọ inú àpótí ìyá àgbà: èyí tó rọ̀ ní oṣù kọkànlá wà nísàlẹ̀, èyí tó rọ̀ lánàá wà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń kó o láti ẹ̀gbẹ́ òkè kan lọ sí ìkejì, yóò sì tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀ títí yóò fi gan bíi pákó. Nísàlẹ̀, nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ láìsí ariwo. Ilẹ̀ kò tutù tó ojú ọ̀run; bí òtútù òkè bá le gan-an, ooru díẹ̀ tó wà nílẹ̀ yóò máa gbé oru omi gba àárín òjò dídì kọjá, àwọn hóró rẹ̀ yóò sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tóbi, wọ́n á ní igun, wọn kò sì ní lẹ̀ mọ́ ara wọn mọ́. Bu gààrí gbígbẹ sí ọwọ́, kí o gbìyànjú láti fún un mọ: bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Tẹ́ gààrí yìí sí orí òrùlé, gbé pákó lé e, kí ènìyàn kan sì gun orí pákó náà. Níbi tí òkè bá ti dagẹ̀rẹ̀ tó dìgírì 30 sí 45, ẹsẹ̀ ẹnìkan tó láti já gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn Sámi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀, ní orúkọ fún hóró yìí. Seaŋáš ni wọ́n ń pè é. Inú ẹni tó ń sin reindeer, ẹran ọ̀sìn tó jọ àgbọ̀nrín, máa ń dùn sí i, nítorí pé ẹran náà lè fi pátákò wa á kúrò láìṣe wàhálà kó tó kan oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀, ó sì máa ń yára di omi bí a bá gbé e ka iná. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ìbùkún ni. Ní ara òkè, ikú ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣe fún àgbẹ̀ àti ohun tó ń ṣe fún ẹni tí kò tí ì kan òrùlé rẹ̀ tán kò nílò kí n ṣàlàyé.

Báwo ni wọ́n wá ṣe ń wádìí? Kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n ti ka ìkìlọ̀ ọjọ́ náà. Láti ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Norway ti ń gbé e jáde lójoojúmọ́ ní ìgbà òtútù lábẹ́ orúkọ Varsom, pẹ̀lú nọ́ńbà láti 1 dé 5 tí ń sọ bí ewu ìyalulẹ̀ ṣe tó. Wọ́n ti wo máàpù tí a kun gbogbo ibi tó dagẹ̀rẹ̀ ju dìgírì 30 lọ ní ọ̀dà. Lójú ọ̀nà, wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á wo bí òjò dídì ṣe tò léra, wọ́n á gé e ní òpó, wọ́n á sì gbé ojú ṣọ́bìrì lé e lórí. Wọ́n á wá máa lù ú: ìgbà mẹ́wàá láti ọrùn ọwọ́, ìgbà mẹ́wàá láti ìgúnpá, ìgbà mẹ́wàá láti èjìká, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ajigbèsè. Bí òpó náà bá tètè já, wọ́n ti gbọ́ èsì. Nígbà mìíràn kò sí ìdí láti lu ohunkóhun, nítorí pé òkè fúnra rẹ̀ á sọ̀rọ̀: ilẹ̀ á rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, á sì dún "hùùmù" bí àgbàlagbà tí ọmọ já kulẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn yẹn tí kò kúrò níbẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Ẹ tún wo ẹrù tí wọ́n gbé dání. Olúkúlùkù so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ àyà, tó ń fi àmì rédíò ránṣẹ́ lórí 457 kìlóhátìsì, kí wọ́n lè wá a rí bí òjò dídì bá bò ó. Ọ̀pá gígùn tó ń ká wà lẹ́yìn rẹ̀ fún gígún ilẹ̀ wò. Ṣọ́bìrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bá mi ronú sí i: àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta jáde lọ ṣe fàájì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì mú ohun tí yóò fi hú ìkejì jáde dání. Bí wọ́n bá dé ibi tó léwu, ẹnìkan ni yóò kọjá, àwọn yòókù á dúró sí ibi ààbò máa wò ó, kó má bàa jẹ́ pé gbogbo wọn ni ilẹ̀ gbé mì. Nínú gbogbo òde àríyá tí mo ti lọ, n kò rí ẹni tó múra sílẹ̀ báyìí fún ikú ẹni tó jókòó tì í. Mo sì ti wọ ọkọ̀ alẹ́ tí táyà rẹ̀ dán bí orí apárí, tí àwa èrò fi orin ìyìn bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tí a sì sùn lọ. Kò sí ẹni tó pè wá ní wèrè.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù. Bí ẹ̀rù bá ń bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń kú? Wọ́n ń kú lóòótọ́, n kò sì ní fi ìyẹn ṣàwàdà. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, ìyalulẹ̀ kan pa àlejò márùn-ún lórí òkè Sorbmegáisá ní Kåfjord, ní òdìkejì omi Lyngen. Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2019, mẹ́rin kú ní àfonífojì Tamok, ojú ọjọ́ sì burú débi pé ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó rí òkú wọn gbé. Ẹni tí òjò dídì bò tí wọ́n yọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣì ní ìrètí tó pọ̀. Bó bá di ìdajì wákàtí, ìrètí náà ti tín-ín-rín. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ pé òmùwẹ̀ ní í bódò lọ.

N kò jiyàn. Ohun tí mo bèèrè ni pé kí a wo ohun tó pa òmùwẹ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ìyalulẹ̀ tó ń pa àwọn ènìyàn wọ̀nyí, olóògbé fúnra rẹ̀ tàbí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tẹ ibi tó já. Àwọn tó sì ti ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà kò bá wèrè níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá mọ́ àwa náà lára. Ẹnìkan ti gun òkè náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ẹnìkan rí ipa síkì ẹlòmíràn, ó rò pé ẹni tó kọjá ti wádìí. Ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́fà dákẹ́, olúkúlùkù rò pé bí nǹkan bá wà níbẹ̀, ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ́. Ẹnìkan ti san owó ọkọ̀ òfuurufú, ọjọ́ mẹ́rin péré ni ìsinmi rẹ̀, òjò dídì ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀, oòrùn wá yọ ní ọjọ́ kẹrin. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀rù tó yẹ kó bà á ti gbẹ́sẹ̀ kúrò nílé. Àìbẹ̀rù ló pa á, a ò sì lè fi ikú ẹni tí kò bẹ̀rù mọ́ ṣe ẹ̀rí lòdì sí àwọn tó ń bẹ̀rù.

Àwọn ará Norway fúnra wọn mọ èyí. Ní àsìkò Àjíǹde ọdún 1967, ènìyàn 18 kú lórí àwọn òkè wọn láàárín ìsinmi kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa àti ẹgbẹ́ àwọn arìnrìn-òkè wọn mú òfin ìrìn òkè kan lọ́kùn-únkúndùn, wọ́n ń kọ́ ará ìlú ní i, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2016. Mẹ́sàn-án ni òfin náà. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sórí jù nínú wọn ní kí ènìyàn yí padà nígbà tí àkókò ṣì wà, nítorí pé kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló ń kọ́ ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣe sá padà láé. Orílẹ̀-èdè tó fi sísá padà sínú òfin tí ọmọdé ń kọ́ sórí kò pọ̀, n kò sì rí bí a ṣe lè pe àwọn tó ń pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́ ní aláìlórí pípé. Ọdẹ tó gbọ́ ohùn tí kò yé e nínú igbó, tó sì gba ilé lọ, ọdẹ náà ni lọ́jọ́ kejì.

Ohun kan wà tí n kò lè fọ̀ mọ́ tán. Bí ilẹ̀ bá ti gbé ẹnìkan mì lórí òkè, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni yóò dìde lórí ibùsùn ní òru, tí wọ́n á lọ dúró sábẹ́ òkè kan náà tó ṣì lè ya. Ènìyàn lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe ohun tó wù ú. Ẹ̀mí aládùúgbò ńkọ́? Èsì wọn ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ ni olùgbàlà àkọ́kọ́, torí pé ẹni tó ń bọ̀ láti ìlú kì í sábà tètè dé. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́bìrì fi wà. Èsì náà dára, ṣùgbọ́n kò kún. Wọ́n ní láti gbé òkú pẹ̀lú. Nítorí náà mo gé ẹjọ́ mi kù níbí yìí. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà 4 tàbí 5 ní àárọ̀, tó sì lọ sí ibi tó dagẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè ya fídíò rẹ̀, mo yọwọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé eré àwọn olówó tí kò ríṣẹ́ ṣe lásán ni, ìdajì òótọ́ ni. Àwọn àlejò Lyngen lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Rødøy ní Norway kan náà, wọ́n rí àwòrán ẹni tó wọ síkì tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹgbàajì ọdún. Ẹni yẹn kò lọ ṣe ìsinmi.

Bí fídíò wọn bá tún dé ọwọ́ yín, mo bẹ yín, ẹ má kọ́kọ́ wo eré náà. Ẹ wo ẹ̀yìn ẹni tó ń yọ̀ bọ̀ bóyá ìdí ṣọ́bìrì yọ nínú àpò rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnìkan dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ń ṣọ́ ọ. Bí ẹ bá sì bá ọ̀kan nínú wọn pàdé lójúkojú, ẹ bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti yí padà lọ́dún yìí láìdé orí òkè. Bó bá lè kà á fún yín, ẹ kí i dáadáa. Bí kò bá rí ẹyọ kan kà, ẹ pè é ní orúkọ tó bá wù yín. Èmi kọ́ ni n ó gbèjà rẹ̀.